Ẹni Tó Ń Jẹ Ṣọ́ọ̀kì Wa

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti yàrá ìránṣọ wa, níbi tí mo ti fẹ̀yìn ti fèrèsé, tí mo tẹ́ pépà yìí sórí tábìlì tí a fi ń gé aṣọ. Ara rẹ ńkọ́? Òkun ńkọ́? Ṣé ó ń jẹ́ kí o sùn, àbí ó ṣì ń bì ọ́ ṣubú lórí bẹ́ẹ̀dì bí o ṣe sọ nínú lẹ́tà tó kọjá? Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá ọ ní àlàáfíà, kí ẹsẹ̀ rẹ má yọ̀ lórí irin, kí ọkọ̀ tó gbé ọ lọ gbé ọ padà wálé. Èmi náà wà bí mo ṣe wà. Ojú mi ṣì ń rí ihò abẹ́rẹ́, bí mo bá ti wọ gíláàsì méjì léra wọn.

Mo mọ irú ẹni tí o jẹ́. Láti kékeré lo ti máa ń ka ìwé láti ẹ̀yìn wá síwájú, kí o lè mọ̀ bóyá ó dára kí o tó bẹ̀rẹ̀. Jọ̀ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí. Jókòó, kí o kà á bí mo ṣe kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà gùn, kò sì ṣeé sọ lórí fóònù, nítorí kí o tó parí "ẹ kú iṣẹ́, Bàbá" látorí omi, fóònù ti já.

Ìwọ fúnra rẹ lo fi ìyàwó rẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi nígbà tí oyún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kò pẹ́ tó fi gbé máṣíìnì rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ tèmi, ó ní òun ò lè jókòó sílé máa wo ògiri. Inú mi dùn sí i. Ìyá Abẹ́rẹ́ nìkan ni mo ti ń bá ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, o sì mọ̀ ọ́n: ọwọ́ rẹ̀ dára lórí aṣọ, ṣùgbọ́n yóò bá ọ jiyàn lórí bóyá òní ni òní. Mo nílò ẹnì kan tí yóò máa dáhùn ìbéèrè mi láì kọ́kọ́ pòṣé.

Mo rán aṣọ aboyún kan fún un, mo sì fi ọgbọ́n orí ara mi ṣe é. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ni mo ti ṣẹ́ aṣọ náà po ní ìlà-ìlà, mo fi òwú tí kò le so ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan, kí n lè máa tú wọn bí ikùn bá ṣe ń tóbi. Bí aṣọ bá ti ń fún un, yóò wá dúró níwájú fèrèsé, yóò na apá méjèèjì sókè, èmi yóò sì fi ẹnu àlùmọ́gàjí já òwú ìlà kan. Aṣọ á tú, òun á mí kanlẹ̀, Ìyá Abẹ́rẹ́ á sì ní, "Ọmọ ti gba yàrá kún yàrá." Ọjọ́ tí a bá tú ìlà kan, iṣẹ́ kì í wúwo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa.

Nígbà tó yá ni ṣọ́ọ̀kì wa bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Ṣọ́ọ̀kì pẹlẹbẹ tí a fi ń sàmì sára aṣọ ni mò ń wí. Mo fi odidi sílẹ̀, mo bá ààbọ̀. Mo fi ààbọ̀ sílẹ̀, mo bá eruku. Mo bi Ìyá Abẹ́rẹ́, ó ní, "Ọ̀gá, inú àpò ṣòkòtò oníbàárà lẹ máa ń gbàgbé ẹ̀ sí. Ẹ ti ń dàgbà." Mo ní eku ni. Ó ní eku wo? Mo bá ra tàkúté, mo fi búrẹ́dì sí i, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀kì. Búrẹ́dì wà níbẹ̀ títí ó fi gan, ṣọ́ọ̀kì sì lọ. Ọmọ mi, o mọ̀ pé ohun tí kò bá yé mi kì í jẹ́ kí n gbádùn oúnjẹ. Irú eku wo ni yóò fi búrẹ́dì sílẹ̀ tí yóò jẹ ṣọ́ọ̀kì? Àbí ó fẹ́ kọ́ṣẹ́ télọ̀ ni?

Lásìkò kan náà ni ìyàwó rẹ ò wá síwájú fèrèsé mọ́. Mo bi í léèrè, ó ní, "Ó ṣì gbà mí, Bàbá," ó sì rẹ́rìn-ín. Lákọ̀ọ́kọ́, orí mi wú, mo rò pé aṣọ náà ni mo gé dáadáa. Ṣùgbọ́n ojú télọ̀ kì í sinmi. Mo rí i pé apá aṣọ náà, tó wọ̀ ọ́ rẹ́gí tẹ́lẹ̀, ti fẹ̀ jù fún un. Bó bá gun àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà wa, yóò di ògiri mú kó tó lè kí ènìyàn. Inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti funfun, kò pọ́n bíi tàwa tó kù. Mo sọ fún Ìyá Abẹ́rẹ́, ó ní, "Ikùn ò jọ ikùn, Ọ̀gá. Tèmi náà ò yọ nígbà yẹn." Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gbà á. Báwo ni oṣù oyún yóò ṣe máa lọ síwájú tí aṣọ rẹ̀ yóò dúró lójú kan?

Àṣé ìdáhùn ìbéèrè méjèèjì wà lójú wa, a ò kàn rí i ni. Ìwọ náà dàgbà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí. O mọ̀ pé gbogbo wa la ń fi ẹnu ṣiṣẹ́. Eyín la fi ń já òwú, ètè la fi ń di píìnì mú, itọ́ la fi ń mú kí ẹnu òwú wọ ihò abẹ́rẹ́. Ta ló máa bi ẹni tó gbé ọwọ́ sẹ́nu níbẹ̀ pé kí ló ń ṣe? Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ ń sàmì sí ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Ó sàmì, ó gbé ọwọ́ sẹ́nu, ó tún sàmì. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀, mi ò rí òwú kankan níbẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ètè rẹ̀ funfun.

Ojú tì í débi pé ó fi ṣòkòtò oníbàárà bojú, ó bú sẹ́kún. Ó ní òun ti búra lójoojúmọ́ pé òun ò ní jẹ ẹ́ mọ́. Ó ní bí òórùn òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan eruku ni òórùn rẹ̀ rí sí òun, itọ́ yóò kàn kún òun lẹ́nu, kí òun tó mọ̀, òun ti bù ú jẹ. Ọmọ mi, mi ò mọ ohun tó yẹ kí baba ọkọ sọ nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Ohun tó bọ́ sí mi lẹ́nu ni pé, "Kí ló tiẹ̀ dùn nínú ẹ̀?" Ó dá ẹkún dúró, ó ń wò mí. Mo mú èyí tó kù lórí tábìlì, mo bù ú jẹ. Ńṣe ló dà bí ẹni ń lá ògiri. Ó lẹ̀ mọ́ mi ní àjà ẹnu, ikọ́ gbé mi, ìyàwó rẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín tòun ti omi lójú. Ibẹ̀ ni Ìyá Abẹ́rẹ́ wọlé bá wa, àwa méjèèjì pẹ̀lú ètè funfun. Ó ní, "Yéè! Ó ti ràn yín!"

Lọ́jọ́ kejì mo tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn. Ó ti fo ìgbà kan tó yẹ kó lọ, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé wọn óò rí ṣọ́ọ̀kì lẹ́nu òun. Obìnrin kúkurú kan ni agbẹ̀bí náà, kì í pariwo, a kì í sì í mọ ohun tó ń rò. Ó ní kí n kọjú sí ògiri, mo kọjú sí i. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ nígbà tó fa téèpù yọ, irú téèpù tí èmi náà fi ń wọn ìbàdí oníbàárà. Ó wọn ikùn ìyàwó rẹ. Ó tún un wọ̀n. Mo mọ̀ nínú iṣẹ́ tèmi pé ẹni tó wọn aṣọ lẹ́ẹ̀mejì, kò gba ohun tó kọ́kọ́ rí gbọ́ ni. Ó ní ọmọ inú rẹ̀ kéré sí oṣù rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ lọ yẹ̀ wò, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ náà ò tó rárá.

Agbẹ̀bí ò jágbe mọ́ wa. Ó béèrè ohun tí à ń jẹ. Mo fọwọ́ sọ̀yà: ẹ̀wà ń bẹ, ẹyin ń bẹ, ẹ̀fọ́ ń bẹ, ọmọ yìí kì í febi sùn nílé mi. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Kí lẹ máa ń mu sí i?" Mo ní tíì ni. O mọ fúláàsì wa, kì í gbófo, tíì inú rẹ̀ sì dúdú bí bàtà ọlọ́pàá. Láti ayé bàbá mi, kò sí oúnjẹ tó ń kọjá lọ́nà ọ̀fun nínú ṣọ́ọ̀bù yìí láìsí tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Agbẹ̀bí mirí. Ó ní ohun kan wà nínú oúnjẹ tó ń jẹ́ irin. Mo ní, "Irin? Irin bíi ti abẹ́rẹ́?" Ó ní, "Irin náà ni, Bàbá, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi abẹ́rẹ́ sebẹ̀ o."

Ó wá ṣàlàyé. Ó ní irin yìí ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbé èémí tí ìyá mí lọ bá ọmọ. Ọmọ inú ń gbà á lọ́wọ́ ìyá, ó ń fi í kọ́ ọpọlọ rẹ̀, ó sì ń fi díẹ̀ pamọ́ tí yóò máa lò lẹ́yìn tí wọ́n bá bí i. Bí tíì bá bá ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ pàdé nínú ikùn, yóò di irin inú wọn mú, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ yóò sì bá a jáde láì dénú ẹ̀jẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì ní tirẹ̀ kàn ń gba àyè oúnjẹ ni. Mo bi í pé kí ló dé tí ara ẹni tó nílò irin yóò wá máa tọrọ ṣọ́ọ̀kì? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn tó kàwé ju òun lọ pàápàá ṣì ń wádìí ìyẹn. Ohun tí òun mọ̀ ni pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ilẹ̀, sí ṣọ́ọ̀kì, sí omi dídì, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló kéré. Ó ní àìsàn ni, kì í ṣe ìwàkiwà. Nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó rẹ gbé orí sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Mo ṣì ní ìbéèrè mìíràn, àmọ́ aboyún kan lẹ́nu ọ̀nà ti ń kùn pé, "Ṣé bàbá yẹn ló lóyún ni?"

Kí a tó lọ, agbẹ̀bí pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ẹ̀jẹ̀ máa ń dà nígbà ìbímọ, ara tó ní ẹ̀jẹ̀ tó lè gbà á. Ara tí kò ní, díẹ̀ tó bá dà lè jẹ́ gbogbo ohun tó ní. Bí ìyàwó wa bá rọbí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀ yẹn, a lè pàdánù rẹ̀, ọmọ náà sì lè kéré jù láti dá mí. Ó ní àyè ṣì wà fún àtúnṣe, ṣùgbọ́n kò pọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì rìn jáde bí ẹni tó ru ẹrù tí kò mọ ibi tí yóò sọ̀ ọ́ sí.

Ìyàwó rẹ ló bẹ̀ mí lójú ọ̀nà pé kí n má sọ fún ọ. Ó ní, "Bàbá, ẹ mọ̀ ọ́n. Á bẹ́ sómi." Ó kéré tán, o ò bá fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní èbúté tó kàn. Mo gbà fún un. Ìdí nìyẹn tí àwọn lẹ́tà mi ẹ̀yìn ìgbà náà fi kún fún ọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀rọ̀ òrùlé. Má bínú sí wa.

A padà wálé, a sì yí ilé padà. Mo kó gbogbo ṣọ́ọ̀kì dànù. Ọṣẹ gbígbẹ pẹlẹbẹ tó bá kù nílé ìwẹ̀ ni mo fi rọ́pò rẹ̀, ó ń sàmì dáadáa, omi sì ń fọ̀ ọ́ lọ. Ìyá Abẹ́rẹ́ ní tó bá jẹ ìyẹn náà ńkọ́? Mo ní kó fi í sílẹ̀, ẹni tó bá jẹ ọṣẹ, ẹnu rẹ̀ ló máa hó. Mo ní kò sí tíì nídìí oúnjẹ mọ́, ó di ìgbà tí wákàtí kan tàbí méjì bá kọjá. Ìyá Abẹ́rẹ́ ní, "Ṣé èmi náà lóyún ni?" Ó jiyàn títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí oúnjẹ ọ̀sán dé, òun fúnra rẹ̀ ló gbé fúláàsì jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó tì í mọ́ inú yàrá tí a ń kó igi ìdáná sí. Ọsàn la ń jẹ mọ́ ẹ̀wà báyìí, agbẹ̀bí ní ọsàn máa ń ran irin lọ́wọ́ láti wọlé. Ẹran àti ẹja díẹ̀ náà wọ inú ọbẹ̀ wa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kò rọrùn fún un. Oògùn irin tí wọ́n fún un ń rìn ín nínú, ó bì, ó sì dá a dúró fún ọjọ́ mélòó kan láì sọ fún wa, títí agbẹ̀bí fi kọ́ ọ bí yóò ṣe máa lò ó lẹ́yìn oúnjẹ. Ọjọ́ tí òjò bá kan ilẹ̀ gbígbẹ, mo ń rí bó ṣe ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń fa imú, tó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n dè. Mo máa ń bó ọsàn, n óò sì gbé e lọ́wọ́ lọ bá a níbẹ̀, a ó jọ jẹ ẹ́.

Mo bi agbẹ̀bí bóyá ọmọ inú tiẹ̀ ń mọ̀ pé a ti yí oúnjẹ padà. Ó ní ó ṣeé ṣe, pé adùn ohun tí ìyá jẹ máa ń dénú omi tí ọmọ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, ọmọ sì ń gbé omi náà mì. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tí kò tíì rí oòrùn ti mọ adùn ọsàn! Láti ọjọ́ náà, kí ìyàwó rẹ tó jẹun, mo máa ń kéde fún ikùn rẹ̀: "Ẹ̀wà ló ń bọ̀ o. Ẹja ló tẹ̀ lé e." Ìyá Abẹ́rẹ́ ní orí mi ti dàrú.

Lẹ́yìn èyí, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mò ń lọ ọ̀rùn ṣẹ́ẹ̀tì, ohùn kan sọ lẹ́yìn mi pé, "Bàbá, aṣọ ń fún mi." Ó ti dúró síwájú fèrèsé, apá rẹ̀ wà lókè. Mo sáré mú àlùmọ́gàjí débi pé díẹ̀ ló kù kí n gé aṣọ mọ́ òwú. Nígbà tí ìlà náà tú, Ìyá Abẹ́rẹ́ gbàgbé ohun tó máa ń sọ. Ó kàn yíjú sí máṣíìnì rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nu ojú. Agbẹ̀bí wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ náà, lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ní ọmọ ṣì kéré, ṣùgbọ́n ó ti ń bọ̀.

Àárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, níbi tó ti ń ran bọ́tìnnì. Ó yọ abẹ́rẹ́ náà, ó fi í síbi tó yẹ, ó wá ní, "Bàbá, ó tó àkókò." A gbé e dé ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí, Ìyá Abẹ́rẹ́ bá a wọlé, èmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Ó pẹ́. Oòrùn rìn kọjá lórí ilẹ̀ níwájú mi, kí n tó gbọ́ igbe ọmọ. Obìnrin ni. Ìyá Abẹ́rẹ́ gbé e jáde wá hàn mí, ó kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń mí fúnra rẹ̀, ó ń ké, ó sì ń wá ọmú kiri lára àyà ẹni tí kò ní nǹkan kan fún un. Mo ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo rí àwọn nọ́ọ̀sì méjì tí wọ́n sáré wọlé. Mo wo Ìyá Abẹ́rẹ́ lójú kó sọ nǹkan, kó tiẹ̀ bá mi jiyàn. Ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ló ń dà. O mọ̀ pé ìbéèrè kì í tán lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló fi mí sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ó ku ẹyọ kan, mi ò sì lè la ẹnu bi ẹnikẹ́ni. Mo gbé ọmọ rẹ dání, mo ń wo ilẹ̀kùn. Mo ń rò ó bí n óò ṣe kọ lẹ́tà yìí bó bá jẹ́ pé a pàdánù rẹ̀ ni. Nígbà tí agbẹ̀bí jáde, òógùn bò ó. Ó ní, "Ó ti dá, Bàbá. Ó dà gan-an, ṣùgbọ́n ara ẹ̀ gbà á. Ká ní bó ṣe wá bá mi lọ́jọ́sí ló wà ni..." Ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi.

Ìyàwó rẹ dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ wà ní pípadé. Mo gbé ọmọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo pè é, kò dáhùn. Mo tún pè é. Ó la ojú, ó wo ọmọ, ó wò mí, ó fi ahọ́n lá ètè, ó ní, "Bàbá, ebi ń pa mí."

Ọmọ mi, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

Ó ti wá tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ti padà sílé, tìyá-tọmọ. Ọmọ ń sanra, ìyá ń jẹun. A ń pe ọmọ náà ní "Ìwọ" títí di ìgbà tí lẹ́tà rẹ bá dé, nítorí náà má pẹ́. Kí omi tó gbé ọ lọ fi ọ́ ṣe àlejò tí yóò sìn padà. Kí ojú rẹ rí ọmọ rẹ, kí ojú ọmọ náà rí ọ. Kí a má fi ẹkún pàdé. Àmín.

Èmi ni baba rẹ, tó di baba àgbà láì tíì béèrè ìbéèrè rẹ̀ tán.

Àfikún: Ìyàwó rẹ sọ fún mi pé o ti ń ra agolo mílíìkì ọmọdé pamọ́ láti èbúté dé èbúté. Kó wọn fún ẹni tó nílò wọn. Ọmú nìkan ló tó ọmọ yìí báyìí, agbẹ̀bí ló wí bẹ́ẹ̀. Bí o bá fẹ́ fún ọmọ rẹ lóúnjẹ, ìyá rẹ̀ ni kí o gbé e fún. Ó tún ku ẹyọ kan: ẹja inú agolo tí ẹ ń jẹ lórí omi, ṣé irin wà nínú rẹ̀? Bi ẹni tó ń se oúnjẹ fún yín, kí o kọ èsì rẹ̀ sí mi.